Ìsinmi Láàrin Sẹ́ẹ̀tì: Ìṣẹ́jú Mélòó Ló Tó?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Olùkọ́ eré ìdárayá ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Kàbà. Àwọn ọmọ mẹ́ta tó ń sá mítà 100 ni mò ń kọ́, irin kan ṣoṣo la sì ní, agolo ọ̀dà tí a da sìmẹ́ǹtì sí ló wà ní orí rẹ̀ méjèèjì. Ẹnìkejì mi ní ìṣẹ́jú kan péré ni kí ọmọ fi sinmi kó tó tún gbé e, kí ara rẹ̀ má baà tutù. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ohun tí ẹ ń wá nídìí irin ni yóò sọ iye ìṣẹ́jú. Agbára ni ẹni tó ń sá mítà 100 nílò, ìṣẹ́jú kan sì kéré sí i. Èròjà kan wà nínú iṣan tí wọ́n ń pè ní phosphocreatine, òun ni ara kọ́kọ́ ń ná nígbà tí ènìyàn bá gbé ẹrù wúwo, kì í sì í pẹ́ tán. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ máa ń padà láàrin ìṣẹ́jú àáyá 30, ṣùgbọ́n ó máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 3 sí 5 kó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ọmọ tí ẹ bá tètè dá padà sídìí irin, gbèsè sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ (ìyẹn iye ìgbà tó gbé irin léraléra kó tó sinmi) ló ń gbé wọ ìkejì: ẹni tó gbé irin lóṣòó lẹ́ẹ̀marùn-ún tẹ́lẹ̀ á ṣe mẹ́rin, á ṣe mẹ́ta, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìpalára ti ń wọlé.

Nínú ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2016, Brad Schoenfeld, onímọ̀ nípa eré ìdárayá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín ọ̀dọ́kùnrin 21 tí irin gbígbé ti mọ́ lára sí ọ̀nà méjì fún ọ̀sẹ̀ 8. Àwọn tó ń sinmi fún ìṣẹ́jú 3 lágbára sí i ju àwọn oníṣẹ́jú 1 lọ, iṣan iwájú itan wọn náà sì nípọn jù.

Ọ̀rọ̀ ẹnìkejì yín ní àyè tirẹ̀ o, nítorí ẹni tó ń sá eré ọ̀nà jíjìn lè gbé irin fífúyẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, kó sì sinmi fún ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 60. Ní ti pé ara á tutù, mi ò rí ìṣẹ́jú 3 tí yóò mú ara tutù nínú ooru oṣù kẹta ní Kàbà. Bó bá jẹ́ òwúrọ̀ ọyẹ́, kí wọ́n wọ súwẹ́tà.

Irin kan tí ẹ ní yẹn gan-an lè jẹ́ aago yín. Bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá lo ìṣẹ́jú kan nídìí rẹ̀, àti gbígbé àti pípààrọ̀ ẹrù, ìṣẹ́jú 2 ni kálukú á ti fi sinmi kó tó kàn án padà. Bí ọmọ kẹrin bá dé, ẹ gbà á, ìṣẹ́jú 3 pé nìyẹn.