Àlejò Lẹni Tó Gbé Ìhìnrere Dé: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín

Lẹ́tà tí ẹ kọ sí wa lórí ìrìn-àjò ìhìnrere sí ilẹ̀ òkèèrè pọ̀ lóṣù yìí, láti Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀. Mẹ́rin la mú. Àwọn tó kọ wọ́n ló ní ká má dárúkọ àwọn.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ìjọ wa ní Àjàṣẹ́ ń rán èèyàn mẹ́jọ lọ sí ìletò kan nítòsí Kara, ní àríwá Tógò, fún ọjọ́ mẹ́wàá nínú oṣù Ọ̀pẹ. Èmi ni wọ́n ní kí n wàásù. Mi ò gbọ́ Kabiyè, èdè àwọn ará ibẹ̀, Faransé mi ò sì dán mọ́rán. Wọ́n ní kí n máa sọ Yorùbá, kí ẹnì kan yí i sí Faransé, kí ẹlòmíràn tún yí Faransé sí Kabiyè. Ṣé ọ̀rọ̀ náà ò ní dà rú? — Ọ̀dọ́ oníwàásù, Àjàṣẹ́

Kò ní dà rú bí ẹ bá tún ìwàásù yín tò láti ìpìlẹ̀. Aago lẹ máa kọ́kọ́ wò. Ọ̀rọ̀ ogún ìṣẹ́jú lẹ́nu yín á di wákàtí kan tó bá gba ẹnu èèyàn mẹ́ta kọjá. Bí wọ́n bá fún yín ní wákàtí kan, ogún ìṣẹ́jú péré ni tiyín níbẹ̀. Ẹni tó bá múra ọ̀rọ̀ wákàtí kan lọ, ìparí ló máa ń gé, ìparí yẹn ló sì gbé ìpè sí ìgbàgbọ́ sí.

Èrò kan ni kó wà nínú gbólóhùn kan. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kí ẹ sì dákẹ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí oníwàásù dá ọ̀rọ̀ dúró lágbede méjì: “Nígbà tí èèyàn bá ti wá mọ̀ pé gbogbo ohun tóun ń ṣe…”, á wá yíjú sí ògbufọ̀. Ògbufọ̀ ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, tipátipá ló máa fi hùmọ̀ ìparí tirẹ̀. Ìparí yẹn lẹnìkejì máa gbé lọ sí Kabiyè.

Ohun méjì kan wà nínú Yorùbá tiwa tó máa ń kó ògbufọ̀ sí wàhálà, tí a kì í fura sí. Èkíní ni “ó”. Ẹ wo ìtàn Rúùtù: “Ó ní kó padà, àmọ́ ó kọ̀.” Etí wa gbọ́ ọ, kò sóhun tó ṣe é. Faransé ò gbà bẹ́ẹ̀: ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ yàn bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ó sì gbọ́dọ̀ mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ dárúkọ: “Náómì ní kí Rúùtù padà. Rúùtù kọ̀.” Èkejì ni “wọ́n” tí a fi ń bọ̀wọ̀ fágbà. Bí ẹ bá sọ nípa Ábúráhámù pé “wọ́n jí ní kùtùkùtù”, ògbufọ̀ tí Yorùbá kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀ á sọ pé àwọn èèyàn púpọ̀ ló jí. Nínú ìwàásù ológbufọ̀, ẹ lo “ó” fún Ábúráhámù láìbẹ̀rù, tàbí kí ẹ máa tún orúkọ rẹ̀ pè.

“Ẹ̀mí” náà ńkọ́? Ẹ̀mí tó wà lára èèyàn àti Ẹ̀mí Mímọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni lẹ́nu wa. Ní Faransé, ọ̀rọ̀ méjì ni. Ẹ sọ fún ògbufọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí ẹ ní lọ́kàn.

Ẹ dín òwe kù. Ẹ ní “bí a bá gúnyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó.” Kó tó dé Kabiyè, èèpo ẹ̀pà nìkan ló máa kù, wọn ò sì ní mọ ohun tó mú un wá sínú ìwàásù. Ẹ bi ògbufọ̀ ìkẹyìn bóyá àwọn náà ní òwe lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ọ̀kan péré tó bá ti ẹnu wọn wá ju márùn-ún tiwa lọ.

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú yẹn ṣe pàtàkì. Ẹ jókòó pẹ̀lú ògbufọ̀ méjèèjì fún bíi wákàtí kan, kí ẹ fún wọn ní gbogbo ẹsẹ Bíbélì tí ẹ máa lò. Májẹ̀mú Tuntun wà ní Kabiyè. Kí ògbufọ̀ ìkẹyìn ka ẹsẹ náà látinú tirẹ̀ tààrà, kó má yí tiyín padà látinú Faransé. Ní ọjọ́ náà, àwọn èèyàn ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe ògbufọ̀. Kí omi wà nítòsí wọn, kí ẹ sì ní ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ ògbufọ̀ lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Orí tó ti rẹ̀ máa ń fo gbólóhùn, ẹ ò sì ní mọ̀.

Tí ẹ bá parí, ẹ bẹ àgbàlagbà kan kó tún ọ̀rọ̀ náà sọ ní èdè rẹ̀, kí wọ́n wá yí i padà fún yín. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ohun tó dé etí wọn. Ẹ má fi ọwọ́ tí wọ́n nà sókè ṣe òdiwọ̀n. Níbi tí a ti ń bu ọlá fún àlejò, tí àlejò bá ní “ta ló fẹ́?”, ojú ló máa ti ẹni tí kò bá nawọ́. Ẹ fi kíka iye wọn sílẹ̀ fún pásítọ̀ ibẹ̀, kó kà á lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ọjọ́ 9 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1844 ni Samuel Ajayi Crowther bẹ̀rẹ̀ ìsìn ní Yorùbá ní Freetown, láàárín àwọn èèyàn wa tí wọ́n gbà lọ́wọ́ oníṣòwò ẹrú. Nígbà tó gbàdúrà, “Kí ó ṣẹ” ni wọ́n ń dáhùn káàkiri inú ilé náà. Ẹ tẹ́tí sí bí àwọn ará Kara náà ṣe ń ṣe àmín tiwọn.

Ẹ̀yin olóòtú, ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 17 fẹ́ bá ẹgbẹ́ akọrin lọ sí Tógò. Ọkàn mi ò balẹ̀. Kí ni kí n dì fún un? — Ìyá ọlọ́mọ, Ṣábẹ̀

Màmá wa, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, ẹrù á tẹ̀lé e. Nítorí pé kò tíì pé ọdún 18, yàtọ̀ sí páálí ìrìnnà tàbí káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, ẹ fún un ní ìwé àṣẹ òbí tí ọ́fíìsì ìjọba ìlú yín ti lù ní òǹtẹ̀, kí orúkọ àgbàlagbà tó ń mú un lọ wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì. Ọmọ ilẹ̀ ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, kì í gba físà fún ọjọ́ 90 àkọ́kọ́, àmọ́ kí wọ́n rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ ní Hilakondji, ẹnubodè Benin àti Tógò, nígbà àlọ àti àbọ̀.

Ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, èyí aláwọ̀ ìyeyè, gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ kẹwàá tí wọ́n gún un ló tó ń ṣiṣẹ́ lójú aṣọ́bodè, nítorí náà ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ ìrìn-àjò. Tó bá ti gbà á rí, kò nílò òmíràn: láti oṣù Agẹmọ 2016 ni ìwé náà ti di ti gbogbo ọjọ́ ayé ẹni, kódà kí wọ́n ti kọ ọdún mẹ́wàá sínú èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Ní àríwá, oṣù Ọ̀pẹ ni àkókò yírùnyírùn, àrùn tó ń mú ọrùn le gbandi, máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń lọ di oṣù Òkúdu. Ẹ bi nọ́ọ̀sì nípa abẹ́rẹ́ rẹ̀ náà.

Nínú báàgì: àwọ̀n ẹ̀fọn olóògùn, súwẹ́tà (ọyẹ́ Kara máa ń mú lóru), òrí fún ètè àti gìgísẹ̀, ìborùn fún eruku. Owó séfà kan náà là ń ná, kò sí ìdí láti ṣẹ́ owó. Kó dá aago rẹ̀ padà sẹ́yìn ní wákàtí kan tó bá ti sọdá. Ẹni tó bá gbàgbé á dé gbogbo ibi ní kùtù hàì, ìyẹn ò burú. Àmọ́ nígbà àbọ̀, bó bá ti wọ Benin padà tí kò dá a síwájú, ọkọ̀ Ṣábẹ̀ á ti lọ.

Bí ara rẹ̀ bá gbóná, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kó tó lo oògùn. Bí ó bá jẹ́ ibà lóòótọ́, oògùn artemether-lumefantrine tó wọ́pọ̀ (mg 20 artemether àti mg 120 lumefantrine nínú hóró kan) jẹ́ hóró 4 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ 3, fún ẹni tó bá wúwo tó kílò 35: hóró 24 lápapọ̀. Wákàtí 8 lẹ́yìn èkíní ni kó lo èkejì, lẹ́yìn oúnjẹ tó ní òróró nínú. Kó lò ó tán, kódà kí ara ti fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Ẹ ǹ lẹ́ o. Àwa obìnrin ìjọ ti kó aṣọ àlòkù àti oògùn jọ, àpò ńlá mẹ́fà, láti pín fún wọn níbi tí a ń lọ. Ẹnì kan ní ká má kó o lọ. Kí ló burú nínú kéèyàn fúnni ní nǹkan? — Ìyá ìjọ, Àjàṣẹ́

Fífúnni ò burú, Ìyá. Bí a ṣe ń fúnni ló lè burú. Tí ẹ bá tú àpò mẹ́fà láàárín ìletò, alágbára ló máa mú, opó àti arúgbó á padà sílé lọ́wọ́ òfo, ìjà á sì kù sílẹ̀ fún pásítọ̀ láti parí lẹ́yìn tí ẹ ti lọ. Ẹ fún pásítọ̀ àti àwọn ìyá ìjọ ibẹ̀ ní aṣọ náà, kí wọ́n pín in láti ilé dé ilé, láìsí kámẹ́rà. Wọ́n mọ ẹni tí òtútù ń pa.

Ní ti oògùn, a bẹ̀ yín, ẹ fi sílẹ̀. Ìlànà àgbáyé ni pé oògùn tí a bá fi tọrẹ gbọ́dọ̀ ṣì ní ó kéré tán ọdún kan kó tó bàjẹ́ nígbà tó bá dé. Èyí tí èèyàn ti ṣí, tó lo ìdajì rẹ̀, kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ sì rò ó wò: bí ẹ bá fún bàbá kan ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọ̀sẹ̀ méjì, ojoojúmọ́ ni oògùn yẹn, ta ni á fún un ní tọ̀sẹ̀ kẹta? Oṣù kan ṣáájú, ẹ ní kí pásítọ̀ bi nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ibẹ̀ ohun tó ń wọ́n wọn, kí ẹ kó owó rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì.

Bí ẹ bá fẹ́ mú ohun kan dání, ẹ mú jígí ojú ìkàwé, láti +1.00 dé +3.00. Ẹni tó ti lé lógójì ọdún nílò rẹ̀, kì í tán bí oògùn. Ẹ fún màmá tó bá fẹ́ gbà á ní abẹ́rẹ́ àti òwú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti +1.00, kí ẹ máa gùn ún lókè ní ìdajì-ìdajì. Èyí tó bá kéré jù tó fi lè ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láìna ọwọ́ síwájú ni tirẹ̀. Tí ẹ bá fún un ní èyí tó lágbára jù, orí á máa fọ́ ọ. Ẹni tí kò bá ríran ọ̀ọ́kán, tàbí tí ojú rẹ̀ ní ẹfun, ẹ má fún un ní jígí o. Ẹ darí rẹ̀ sí oníṣègùn ojú.

Mo kí yín. Àwọn ọmọ ìjọ kan ń bọ̀ láti Yúróòpù wá sí ìletò wa nítòsí Kétu fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kun ilé ìjọsìn, kí wọ́n sì gbé ẹ̀rọ omi ọlọ́wọ́ kalẹ̀. Kanga ti wà nílẹ̀. A ò fẹ́ kọ oore. Kí ni ká bi wọ́n? — Alàgbà, Kétu

Bàbá wa, ẹ bi wọ́n dáadáa. Béèrè kì í ṣe àìmoore. Ní ti ọ̀dà, àwọn ọ̀dọ́ yín lè kun ilé. Ẹ ní kí àlejò bá wọn kùn ún, kí ẹ ra ọ̀dà ní ọjà Kétu, kó má jẹ́ pé wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ òfuurufú wá.

Ẹ̀rọ omi ló gba àròjinlẹ̀. Ilẹ̀ òkè Kétu ni, omi ibẹ̀ jìn. Ẹ fi okùn olókùúta wọn ibi tí omi wà nínú kanga ní ìparí ọ̀gbẹlẹ̀, kì í ṣe lásìkò òjò, kí ẹ sì kọ iye mítà rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n tó ra ohunkóhun. Ẹ̀rọ India Mark II tó wọ́pọ̀ máa ń fa omi dáadáa dé bíi mítà 45 sí 50. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn obìnrin ò ní lè tẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́, oríṣi tó wà fún ibi jíjìn lẹ máa nílò.

Ìbéèrè kejì: ta ni á máa tún un ṣe? Rọ́bà ara písítìnnì, ohun tó ń fa omi sókè nínú páìpù, máa ń jẹ tán. Nínú Mark II, kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rọ́bà yẹn, gbogbo páìpù lẹ máa fà jáde. Mítà 3 ni gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà bí ẹ̀rọ bá wọlẹ̀ tó mítà 45, páìpù 15 onírin ni. Mark III yàtọ̀: a lè fa písítìnnì gba inú páìpù jáde láìhú páìpù. Bí wọ́n bá fún yín láàyè láti yàn, ẹ fẹ̀sọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ẹ tó gba èyíkéyìí, ẹ lọ bi ẹni tó ń ta ohun èlò omi ní Kétu tàbí Àjàṣẹ́ èwo ló ní rọ́bà rẹ̀ nílé.

Ẹ ní kí wọ́n yẹ omi náà wò. Bí ó bá ní kíkan (ásíìdì) díẹ̀ nínú, páìpù irin á máa jẹ, omi á pọ́n bí ìpẹtà, aṣọ funfun á dípẹtà, àwọn ìyá á sì padà sí odò. Irin tí kì í dípẹtà tàbí páìpù rọ́bà líle ló yẹ irú omi bẹ́ẹ̀.

Nínú ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, kí àwọn àlejò má fúnra wọn so bóòtù kan. Kí ọkùnrin méjì àti obìnrin méjì ará ìletò so ẹ̀rọ náà, kí wọ́n tú u, kí wọ́n tún un so, kí àlejò máa wò. Ẹ ní kí wọ́n fi sípánà àti rọ́bà ọdún méjì sílẹ̀. Ẹni kan ni kó máa fi gíríìsì sí ẹ̀wọ̀n tó wà nínú orí ẹ̀rọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Obìnrin tó máa ń kọ́kọ́ dé ibẹ̀ láàárọ̀ ni kó máa ka iye ìgbà tó tẹ ọwọ́ rẹ̀ kí omi tó jáde. Tó bá ti ń ju márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ, fáàfù ìsàlẹ̀ tàbí oríkèé páìpù kan ti ń jò, kí ó pe àwọn mẹ́rin náà lọ́jọ́ yẹn gan-an.