Kí ni àwòrán orí owó wúrà àwọn ọba Róòmù ń sọ?

Ẹnìkan béèrè pé kí ló dé táwọn ọba Róòmù àtijọ́ fi ń ya orí ara wọn sórí owó wúrà, ṣé fáàrí lásán ni, kí sì ni ewé tí wọ́n dé sórí.

Fáàrí wà ńbẹ̀ o, ṣùgbọ́n kò sí fótò kò sí rédíò nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní fojú kan ọba títí wọ́n á fi kú, owó ló ń gbé ojú ẹ̀ kiri. Ṣebí Jésù náà bi wọ́n pé àwòrán ta ló wà lára owó, bó tilẹ̀ jẹ́ fàdákà nìyẹn. Ewé lọ́rẹ́ẹ̀lì, ti ẹni tó ṣẹ́gun lógun ni, ti igi óòkù sì ni wọ́n ń fún ẹni tó gba ẹ̀mí ará ìlú là.

Wúrà yẹn, aureus, kì í ṣe owó ọbẹ̀, ẹyọ kan tó denarius fàdákà 25. Sójà àtàwọn olówó ló sábà ń dé ọwọ́ wọn, àwọn náà ni àwòrán ibẹ̀ sì ń bá sọ̀rọ̀. Lọ́dún 41 lẹ́yìn ìbí Jésù, tí wọ́n pa ọba Caligula, àwọn sójà tó ń ṣọ́ ọba ló gbé Claudius gorí oyè, ló bá ya ògiri bárékè wọn sẹ́yìn owó wúrà, sójà kan dúró síbẹ̀, wọ́n kọ IMPER RECEPT sára ògiri, pé wọ́n ti gba ọba wọlé. Ọpẹ́ wo ló tún kù?

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti Nero. Ọmọ ọdún 16 ló jọba lọ́dún 54, Agrippina ìyá ẹ̀ ló fọgbọ́n gbé e débẹ̀, torí náà nínú owó wúrà tó kọ́kọ́ jáde, ìyá àtọmọ ń wojú ara wọn, orúkọ ìyá ló wà lójú owó, tọmọ wà lẹ́yìn. Nígbà tó fi máa di ọdún 55, Nero ti bọ́ síwájú, ojú màmá kàn ń yọ díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, orúkọ màmá náà ti lọ sẹ́yìn owó. Kò pẹ́ sígbà yẹn, ẹ ò ní rí màmá mọ́ rárá. Ọdún 59 ló ní kí wọ́n pa á. Ẹni tó bá ń wo owó ọwọ́ ẹ̀ dáadáa á ti fura tipẹ́ pé ààfin ò rọgbọ.

Lọ́dún 64 ló wá dín wúrà inú owó kù, ó ń fi pọ́n-ùn Róòmù kan ṣe ẹyọ 45. Owó ń fúyẹ́, orí Nero tó wà lára ẹ̀ ń sanra sí i.