Ṣé àwọn adájọ́ Eisteddfod máa ń mọ ẹni tó kọ ewì?

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ṣé àwọn adájọ́ Eisteddfod, ìyẹn àjọ̀dún ewì àti orin ní Wales, ti máa ń mọ akéwì tí wọ́n fẹ́ fún ní àga, ìyẹn ẹ̀bùn ẹni tó borí. Rárá o. Orúkọ ìnagijẹ ni kálukú fi ń kọ ewì rẹ̀ ránṣẹ́.

Lóṣù Kẹjọ, níwájú èrò rẹpẹtẹ, wọ́n á pe ìnagijẹ ẹni tó borí, fèrè á dún, onítọ̀hún á sì dìde láàárín èrò. Ibẹ̀ gan-an ló máa ń wú mi lórí jù. Wọ́n á fa idà yọ díẹ̀ nínú àkọ̀, wọ́n á béèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé, “Ṣé àlàáfíà wà?”

Lọ́dún 1917, wọ́n pè títí, ẹnikẹ́ni ò dìde. Hedd Wyn, akéwì tó borí, ti kú sójú ogun lóṣù Keje. Aṣọ dúdú ni wọ́n fi bo àga rẹ̀.