Òjò ló pa ẹja yín ni, àbí ilẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrọ́jú o. Ọlọ́run á fi ọ̀pọ̀ dí i fún yín. Ẹ ní òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lálẹ́, ilẹ̀ mọ́, ẹja àrọ̀ yín ń léfòó nínú adágún tuntun tí ẹ gbẹ́ ní Ìlàjẹ. Páànù ilé yín náà ti dípẹtà, gbogbo àdúgbò sì ní òjò ásíìdì tó ń ti ara iná gáàsì tí àwọn ilé-iṣẹ́ epo ń jó wá ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí ẹ tó máa wá lọ́yà, ẹ yẹ ilẹ̀ adágún yẹn wò ná.

Ẹ̀bá Warri ni mo ti kọ́kọ́ sin ẹja, níbi tí iná gáàsì kì í jẹ́ kí òru ṣú. Bó ṣe ṣe yín yìí náà ló ṣe mí. Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, omi adágún mi mọ́ gaara, ó mọ́ débi tí mo fi ń rí ìsàlẹ̀. Ẹja ń gbẹ́nu sókè, ibi pupa tí wọ́n fi ń mí lábẹ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì kún fún ikun. Ẹni tó ń ta oògùn ẹja fún mi ní àrùn ni, ó ń tà, mo ń rà, títí ẹja fi kú tán. Baba kan tó ti ń gbẹ́ adágún kí wọ́n tó bí mi ló wá mú ògúlùtu kan lórí bèbè, ó fọ́ ọ sí méjì. Àwọ̀ ìyeyè là á já nínú, ìpẹtà pupa sì yí i ká. Baba ní, "Ilẹ̀ yìí ni, kì í ṣe ojú ọ̀run."

Ẹrẹ̀ etí òkun, níbi tí omi iyọ̀ ti ń wọlé tó ń jáde, máa ń ní irin àti imí-ọjọ́ tó so mọ́ra nínú. Tó bá ṣì wà lábẹ́ omi, kò ní wàhálà kankan ju òórùn ẹyin tó bàjẹ́ lọ. Tí ẹ bá ti gbẹ́ ẹ sórí bèbè, tí atẹ́gùn kàn án ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, ó ti di ásíìdì nìyẹn, irú èyí tí wọ́n ń rọ sínú bátìrì mọ́tò. Òjò àkọ́rọ̀ á wá fọ gbogbo rẹ̀ sínú omi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Láti mọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ gbé abọ́ rọ́bà tó mọ́ síta gbangba nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Ẹ má gbe omi òrùlé, nítorí páànù àti eruku á ti yí i padà. Bébà tí wọ́n ń kì bọ omi kì í sọ òótọ́ lórí omi òjò, ẹ yá ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn pH, ìyẹn ìwọ̀n ásíìdì inú omi: bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni ásíìdì ṣe pọ̀ tó. Omi òjò tó mọ́ gan-an kì í ṣe 7, nǹkan bíi 5.6 ni. Ìyàtọ̀ ẹyọ kan lórí ìwọ̀n yìí sì jẹ́ ìlọ́po 10, nítorí náà 4.6 kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Lẹ́yìn náà, ẹ po ilẹ̀ bèbè mọ́ omi tó mọ́, kí ẹ wọn òun náà.

Ní ti páànù, iyọ̀ inú atẹ́gùn òkun nìkan tó o jẹ. Èérí dúdú tó ń ṣàn láti orí òrùlé, èéfín ni. Ásíìdì kò láwọ̀. Epo Nàìjíríà kò sì ní púpọ̀ nínú imí-ọjọ́, tí èéfín rẹ̀ máa ń di ásíìdì nínú òjò, ara ohun tó jẹ́ kó wọ́n lọ́jà nìyẹn. Mi ò gbèjà àwọn tó ń jó gáàsì o! Ooru iná yẹn ń sọ afẹ́fẹ́ di àwọn gáàsì tó ń di ásíìdì nínú òjò, ká má tíì sọ ti ẹ̀dọ̀fóró àwa tí à ń fà á símú.

Níbi tí òjò ásíìdì ti ba nǹkan jẹ́ kedere ni ìhà àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Èéfín èédú ilẹ̀ látinú àwọn ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná ń fẹ́ lọ sórí òkè Adirondack, ilẹ̀ ibẹ̀ sì jẹ́ orí àpáta tí kò ní ẹfun tó lè pa ásíìdì náà. Òjò wá ń yọ alumíníọ̀mù láti inú ilẹ̀ sínú odò, ikun bo ibi tí ẹja fi ń mí, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rí i lára tèmi. Tí pH omi bá ti wálẹ̀ dé 5, ẹyin ọ̀pọ̀ ẹja kì í pa mọ́. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ adágún ibẹ̀ ò ní ẹja kankan mọ́.

Lọ́dún 1990 ni wọ́n ṣe òfin: wọ́n fi òdiwọ̀n sí àpapọ̀ imí-ọjọ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ iná lè tú sáfẹ́fẹ́, ẹni tó bá dín tirẹ̀ kù lè ta àyè tó ṣẹ́kù, ẹni tó bá kọjá ààyè rẹ̀ á san $2,000 lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1995, èéfín imí-ọjọ́ wọn sì ti dín ju ìdá 90 nínú 100 lọ. Ilẹ̀ ni kò tètè gbádùn, torí òjò ti fọ ohun tó ń pa ásíìdì kúrò nínú rẹ̀. Ní igbó Hubbard Brook, lọ́dún 1999, hẹlikọ́pítà ni wọ́n fi fọ́n kálísíọ̀mù padà sórí igbó.

Ní tiwa, òfin 1979 ní kí jíjó gáàsì dópin ní January 1984. Ìtanràn tí wọ́n wá gbé kalẹ̀ fún ẹni tó bá ń jó o? Kọ́bọ̀ 2 lórí 1,000 kúbíìkì fíìtì! Ta ni ò ní san án kó máa jó o lọ? Ọdún 2018 ni ìlànà tuntun gbé e dé $2 fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá.

Ẹ padà sórí adágún yín. Ẹ fọ́n láìmù àgbẹ̀, ìyẹn ẹfun tó ń pa ásíìdì, sórí bèbè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí òjò tó dé, ẹ fi ilẹ̀ mìíràn bo bèbè kí koríko lè hù sí i. Ẹ gbẹ́ gọ́tà sẹ́yìn rẹ̀ kí àgbàrá má ṣàn wọlé. Ẹ bu omi kún un, ẹ tú u dànù, ẹ tún un ṣe títí pH á fi dúró lókè 6.5, kí ẹ tó da ọmọ ẹja sí i. Láìmù gbígbóná tí wọ́n fi ń kun ilé, ẹ má ṣe dà á sómi tí ẹja wà nínú rẹ̀ láéláé. Á jó wọn. Ẹ má sì jẹ́ kí ìsàlẹ̀ adágún náà gbẹ mọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tí ẹ bá ti wọn omi òjò àti ilẹ̀ bèbè, ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì síbí, ká jọ wò ó.