Finasteride, orí pípá, àti ọ̀rọ̀ tí onígbàjámọ̀ sọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n apòògùn. Ọmọ ọdún 31 ni mí, Abẹ́òkúta ni mò ń gbé. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí irun iwájú orí mi ti ń re, àtàrí náà sì ti ń fẹ́lẹ́. Bàbá mi àti àwọn àbúrò wọn, apárí ni gbogbo wọn. Oṣù kejìlá ni ìgbéyàwó mi. Ọ̀rẹ́ mi kan fi finasteride, oògùn orí pípá, ránṣẹ́ sí mi láti Lọ́ńdọ̀nù, àmọ́ onígbàjámọ̀ mi ní tí mo bá gbé e mì, nǹkan ọkùnrin mi máa kú ni, kò sì ní jí mọ́. Òun náà ń ta òróró kan, ₦18,000 ni ìgò rẹ̀. Ó ní ewé àti egbò lásán ni, kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n lò nínú méjèèjì, kí irun lè ti kún kí ọjọ́ náà tó pé?

Ìdáhùn: Àbúrò, jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ oṣù kejìlá kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí oògùn kan, ti òyìnbó tàbí ti ìbílẹ̀, tó lè mú orí tó ti ń pá láti ọdún mẹ́ta kún láàárín oṣù díẹ̀. Finasteride tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn, ó máa ń tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kí ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́ tó rí nǹkan kan, ohun tí ọ̀pọ̀ sì máa ń kọ́kọ́ rí kò ju pé èyí tó kù lórí kò re mọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn: ó ń di èyí tó kù mú. Ọjọ́ tó o bá dá a dúró, kí ọdún tó yípo, ohun tó dì mú á ti bá tirẹ̀ lọ. Nítorí náà, gẹ irun rẹ mọ́lẹ̀, dé fìlà sí aṣọ òkè rẹ, kó o gbéyàwó. Ṣebí ìyàwó ti rí orí náà kó tó gbà.

"Èwo nínú méjèèjì" náà kò tọ̀nà. Irun ríre kì í ṣe àrùn kan ṣoṣo. Bó o ṣe ṣàlàyé tìrẹ, iwájú àti àtàrí, díẹ̀díẹ̀, ní ìdílé tí apárí pọ̀ sí, ó jọ orí pípá àjogúnbá. Ó jọ ọ́ ni mo wí. Èmi kò rí orí rẹ. Ẹni tí irun rẹ̀ ń já ní róbótó bí owó ẹyọ, tí orí ń dùn tàbí tó ń ṣọyún, tàbí tí irun rẹ̀ ṣàdédé ń tú lẹ́yìn àìsàn, finasteride kọ́ ni oògùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni obìnrin tí irun etí rẹ̀ ti lọ nítorí dídì tó le jù. Dókítà awọ ara ni kí wọ́n wá lọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ onígbàjámọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ọkùnrin á wọ ilé oògùn mi, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á ra Panadol tí kò nílò, ìgbà tí gbogbo èèyàn bá jáde tán ni á tó rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé òótọ́ ni pé ó ń pa á?" Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ síta lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tí àwọn èèyàn rò ni pé oògùn yìí ń fa agbára ọkùnrin gbẹ lára. Testosterone ni họ́mónù tó ń sọ ọmọdékùnrin di ọkùnrin, òun náà ló ń jẹ́ kí ara fẹ́ obìnrin. Finasteride kì í dín in kù; ó tilẹ̀ máa ń ga díẹ̀ sí i lára ẹni tó ń lò ó. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dí ọ̀nà tí ara ń gbà sọ díẹ̀ nínú testosterone yẹn di họ́mónù mìíràn, DHT. DHT yìí ló ń mú kí gbòǹgbò irun sún kì lórí ẹni tó jogún orí pípá, tí irun á máa hù ní tẹ́ẹ́rẹ́, ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, títí kò fi ní hù mọ́. 1 mg lójúmọ́ ń dín DHT inú ẹ̀jẹ̀ kù ní nǹkan bí ìdá 70 nínú 100.

Ibi tí ìmọ̀ náà ti wá gan-an tó láti dá onígbàjámọ̀ lóhùn. Ní abúlé Salinas, ní orílẹ̀-èdè Dominican Republic, wọ́n ń bí àwọn ọmọ kan tí gbogbo ayé rò pé obìnrin ni wọ́n, àfi ìgbà tí wọ́n bàlágà tí nǹkan ọkùnrin wọn wá hàn. Ní 1974 ni ìwádìí lórí wọn jáde: DHT ló kéré lára wọn láti inú oyún wá. Nígbà tí wọ́n dàgbà, ohùn wọn ki, iṣan wọn le, nǹkan ọkùnrin wọn sì ń dìde. Ṣùgbọ́n orí wọn kì í pá, prostate wọn sì kéré. Prostate ni kókó tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, òun ló máa ń wú tí ìtọ̀ àwọn bàbá wa kì í fi í dá geere. Ilé iṣẹ́ Merck rí i pé tí oògùn kan bá lè dín DHT kù lára àgbàlagbà, ó lè ran irú àwọn bàbá bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí finasteride 5 mg fún prostate ní 1992, wọ́n tó wá fọwọ́ sí 1 mg fún irun ní 1997.

Ṣé ó wá túmọ̀ sí pé kò kan ìbálòpọ̀ páàpáà? N kò sọ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí i fún irun, wọ́n fún àwọn ọkùnrin kan ní oògùn gidi, wọ́n fún àwọn tó kù ní hóró tó jọ ọ́ àmọ́ tí kò sí oògùn nínú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tí òun gbà. Nínú 100 àwọn tó lo oògùn gidi, 3.8 ló sọ pé nǹkan yí padà: ara kò fẹ́ obìnrin bíi tẹ́lẹ̀, tàbí nǹkan kò le dáadáa, tàbí àtọ̀ dín kù. Nínú 100 àwọn tó lo hóró òfìfo, 2.1 ló sọ ohun kan náà. Tún un kà. Àwọn tí kò gbé oògùn kankan mì náà ń fẹjọ́ nǹkan ọkùnrin wọn sùn.

Èyí tó tún dùn mọ́ mi jù wá láti Ìtálì, ní 2007. Wọ́n fún 120 ọkùnrin tí prostate wọn wú ní finasteride 5 mg, ìyẹn ìlọ́po márùn-ún 1 mg tí wọ́n ń lò fún irun. Wọ́n sọ fún ìdajì wọn pé ó lè dí ìbálòpọ̀ lọ́wọ́. Wọn kò sọ fún ìdajì kejì. Nígbà tí ọdún pé, ìdá 43.6 nínú 100 àwọn tí wọ́n sọ fún ló ní nǹkan ṣe àwọn. Àwọn tí wọn kò sọ fún? Ìdá 15.3. Oògùn kan náà, ìwọ̀n kan náà. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì, ọ̀rọ̀ ẹnu ló fà á. Ìwọ náà ti gbọ́ ọ̀rọ̀ onígbàjámọ̀, o kò sì lè dá a padà sí i lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má jáde lọ máa wí pé apòògùn ní ìrònú lásán ni. Ọ̀pọ̀ tó bá ní ìṣòro, tó bá dá a dúró, ara á padà bọ̀ sípò. Àwọn kan wà tí tiwọn kò tètè lọ. Láti 2012 ni àjọ oògùn Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé oògùn náà pé àwọn ọkùnrin kan sọ pé ìṣòro yìí bá àwọn lọ lẹ́yìn tí àwọn dá a dúró. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá sọ́dọ̀ mi, n kì í bá a jiyàn.

Èyí tí onígbàjámọ̀ kò sọ ló ń bà mí lẹ́rù ju èyí tó sọ lọ. Finasteride lè mú ọkàn ẹlòmíràn rẹ̀wẹ̀sì, ó sì lè gbé èrò láti pa ara ẹni wá. Wọ́n fi èrò láti pa ara ẹni kún ìwé oògùn rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2022, àjọ oògùn ilẹ̀ Yúróòpù sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2025. Ní 2024 ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé kí wọ́n máa fi káàdì ìkìlọ̀ sínú páálí rẹ̀, nítorí náà wo inú èyí tí ọ̀rẹ́ rẹ fi ránṣẹ́. Tó o bá ti ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn rí, má ṣe bẹ̀rẹ̀ láìrí dókítà. Tó o bá sì ń lò ó tí ayé ń sú ọ, tí oorun ń dá, tí èrò burúkú ń wá, dá a dúró lọ́jọ́ náà, kó o sọ fún ẹnìkan nínú ilé, kó o sì lọ sí ilé ìwòsàn. Má dúró de ìgbà tí páálí máa tán. Orí pípá kò tó ohun téèyàn ń kú sí.

Àwọn nǹkan kéékèèké tún wà tó kàn ọ́. Ó lè dín iye àtọ̀ kù lára àwọn kan, ó sì máa ń padà tí wọ́n bá dá a dúró. Tí ẹ bá fẹ́ tètè bímọ, sọ fún dókítà. Ọmú ọkùnrin lè wú tàbí kó máa dun ni. Má fi pamọ́. Má fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ títí oṣù kan á fi kọjá lẹ́yìn èyí tó o lò kẹ́yìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń ra 5 mg, tẹ́ ẹ ń fi ọ̀bẹ ìdáná gé e sí mẹ́rin torí owó, mo mọ̀ yín. Ẹ̀rún oògùn yẹn kò gbọ́dọ̀ kan ọwọ́ aboyún, nítorí tí ọmọ inú rẹ̀ bá jẹ́ ọkùnrin, ó lè ba ẹ̀yà ara rẹ̀ jẹ́ kó tó dáyé. Hóró tó wà lódidi ní ìbòrí, tirẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá kan tó ń ra oògùn lọ́dọ̀ mi lọ ṣàyẹ̀wò PSA, èyí tí wọ́n fi ń ṣọ́ jẹjẹrẹ prostate. Wọ́n ní kò séwu, inú rẹ̀ dùn. Kò sọ fún wọn pé òun ń lo finasteride fún irun, wọn kò sì bi í. Oògùn yìí máa ń dín PSA kù tó ìdajì. Ohun tí wọ́n kà sí 3 lára irú ẹni bẹ́ẹ̀ sún mọ́ 6, ọ̀rọ̀ mìíràn sì nìyẹn. Àwa ọkùnrin dúdú ni jẹjẹrẹ yìí ń jà jù, nítorí náà ẹnikẹ́ni tó bá ń lò ó, kó dárúkọ rẹ̀ fún dókítà, kódà tí wọn kò bá bi í.

Ti òróró ₦18,000 kò ní pẹ́. N kò rí ìgò náà, n kò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí kò bá lè pa ẹnikẹ́ni lára lóòótọ́, bóyá òróró lásán ni, irun kò ní hù. Tí irun bá sì hù, a jẹ́ pé nǹkan wà nínú rẹ̀ tí ẹni tó tà á kò sọ. Minoxidil ni èmi á kọ́kọ́ fura sí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni, láti 1979. Irun tó ń hù sí ara àwọn tó ń gbé e mì ló mú kí wọ́n sọ ọ́ di èyí tí wọ́n ń fi sórí, tí Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí ní 1988. Oògùn gidi ni, èmi náà ń tà á. Àmọ́ ó lè mú orí yún, ó lè mú àyà lù kìkì, ó lè mú ẹsẹ̀ wú, ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ sì ni irun máa ń re sí i kó tó gbà. Ní Sípéènì ní 2019, àṣìṣe gbé e wọ inú oògùn omi tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ ọwọ́ fún inú, irun sì hù bò wọ́n lára. Ẹni tó ń fi nǹkan bẹ́ẹ̀ pa orí láìmọ̀, tó ń gbé ọmọ mọ́ra, kò mọ ohun tó ń ṣe. Béèrè nọ́ńbà NAFDAC lọ́wọ́ rẹ̀. Tí kò bá sí, gba owó rẹ padà.

Ní ti páálí ọwọ́ rẹ, tó bá jẹ́ èmi ni, n kò ní bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ìgbéyàwó tó kọjá. Kì í ṣe pé ó máa pa nǹkan. Owó aṣọ ẹbí, gbèsè gbọ̀ngàn, ẹ̀gbọ́n ìyàwó tó ń fẹ́ màlúù méjì: tí nǹkan bá kọ̀ tí kò dìde lálẹ́ ọjọ́ náà, oògùn lo máa dá lẹ́bi, ìyàwó náà á sì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣe ìgbéyàwó rẹ, sinmi, lọ rí dókítà ní oṣù kìíní, kó wo orí rẹ dáadáa. Gbé páálí náà dání, kó lè bá ọ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Má ṣe ya orí rẹ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp.