Ìbéèrè àti ìdáhùn: Bí mo bá ran ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ́wọ́, ṣé owó orí mi á dín kù?

ÌBÉÈRÈ: Mo ní ilé àlejò oníyàrá mẹ́jọ ní Kétu, mo sì ń ta oúnjẹ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àdúgbò wa ní kí n fowó ti ọdún àwọn lẹ́yìn. Ọmọ mi tó wà ní Faransé ní wọ́n ti dín owó orí ilé oúnjẹ kù lọ́hùn-ún. Ṣé irú ẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa, pàápàá fún ẹni tó bá ṣèrànwọ́? Ṣé ẹgbẹ́ náà lè rí owó ìjọba?

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ìmúra ọdún. Ọmọ yín ò parọ́. Láti 2009 ni Faransé ti dín TVA, ìyẹn owó orí tí oníbàárà ń san mọ́ iye ọjà, kù lórí oúnjẹ inú ilé oúnjẹ, 10 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà báyìí. Senegal náà ń gba 10 lórí ilé ìtura. Tiwa ní Benin, 18 ni, ìbáà ṣe ilé ìtura tàbí sìmẹ́ńtì. Òfin UEMOA, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ń ná fàráǹkì CFA, gbà wá láyè láti dín ti ilé ìtura kù, a ò kàn tíì ṣe é ni, kò sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Àmọ́ TVA gan-an kọ́ ni wàhálà yín. Ẹni tí ọjà rẹ̀ lọ́dún kò bá ju mílíọ̀nù 50 fàráǹkì lọ, TPS, owó orí àwọn oníṣòwò kéékèèké, ló ń san, ìyẹn 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó bá pa. Owó tó wọlé ni wọ́n ń wò o, wọn kì í wo èrè. Ká ní mílíọ̀nù 12 lẹ pa, 600,000 ni ti ìjọba. Ẹ fún onígẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 200,000, 600,000 náà ni. Ẹ ò fún wọn ní nǹkan kan, 600,000 náà ni.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fáwọn oníléàlejò pé yàrá àti oúnjẹ ni kí wọ́n fi ṣèrànwọ́. Owó tẹ́ ẹ bá mú nínú àpótí ti di ọjà títà, TPS ti wà lórí ẹ̀. Yàrá tẹ́ ẹ bá gba àwọn onílù sí lọ́fẹ̀ẹ́ kì í ṣe ọjà títà. Ẹ ṣáà kọ ọ́ sínú ìwé àlejò, orúkọ àti ọjọ́, kẹ́ ẹ sì kọ "ọ̀fẹ́ fún ẹgbẹ́" síwájú ẹ̀, torí òṣìṣẹ́ owó orí tó bá rí i pé èèyàn sùn tí kò sí facture, ìyẹn ìwé owó, á fẹ́ mọ ìdí. Ti taxe de séjour, owó orí alẹ́ tí àlejò bá sùn, yàtọ̀: owó ìjọba ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ má fi ra adìẹ.

Ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń san owó orí lórí èrè ni ìrànwọ́ lè dín tiẹ̀ kù, torí ó lè kà á sí owó ìpolówó. Kí ẹgbẹ́ lọ bá irú wọn. Facture normalisée, èyí tó ní àmì QR lára, ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè. Bí ẹgbẹ́ ò bá ní IFU, ìyẹn nọ́ńbà owó orí, tí wọ́n máa fi gbé e jáde, kí ilé-iṣẹ́ náà sanwó fún ẹni tó ń ṣe pátákó tàbí ẹni tó ń yáni ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kí facture sì jáde lórúkọ ilé-iṣẹ́.

Ní ti owó ìjọba, àwọn ọdún ńlá bíi Vodun Days ní Ouidah àti ọdún eégún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbí ní Àjàṣẹ́ ní oṣù kẹjọ 2024, ìjọba fúnra ẹ̀ ló ń ṣe wọ́n. Ẹgbẹ́ àdúgbò ní láti kọ̀wé. Kí wọ́n máa ṣọ́ ìgbà tí ADAC, àjọ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ ọnà àti àṣà, bá pe àwọn tó ní iṣẹ́ àṣà lọ́wọ́. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́, àkáǹtì lórúkọ ẹgbẹ́, ìṣirò ìnáwó àti fọ́tò ọdún tó kọjá, kí gbogbo ẹ̀ wà nílẹ̀ ṣáájú. Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, ó sì wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ láti 2008, ṣùgbọ́n kí wọ́n má retí pé UNESCO fúnra ẹ̀ á fi owó ránṣẹ́ sí Kétu.

Kí wọ́n tètè dé mairie, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, kí ìgbìmọ̀ ìlú tó fọwọ́ sí ìnáwó ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá dúró di oṣù kìíní máa bá a pé wọ́n ti pín in. Nínú ìṣirò tí wọ́n máa mú lọ, kí yàrá yín wà níbẹ̀ pẹ̀lú iye ẹ̀: yàrá mẹ́ta, alẹ́ mẹ́rin, 8,000 lálẹ́ kan, 96,000. Wọ́n á rí i pé ẹgbẹ́ náà ti ní ẹni tó dúró tì wọ́n.