Ìyá Tó Ń Ráhùn Ọjọ́ Ogbó

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ìyá mi ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ìkòkò ni wọ́n ń mọ ní Òkèlèlè, ní Ìlọrin níbí, kí orúnkún tó dá wọn jókòó. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ pé kò sí ohun rere kan nínú ogbó, wọ́n sì ti pa àsàlátù ọjọ́ Àìkú tì. Bí a bá ń gbà wọ́n níyànjú, ṣe ni wọ́n ń bínú. Kí ni kí a tún sọ fún wọn?
Ọmọ Amọ̀kòkò

ÌDÁHÙN: Ọmọ Amọ̀kòkò, ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù nílé yín. Ojú tí àgbàlagbà fi ń wo ogbó sábà máa ń tẹ̀lé bí nǹkan ṣe rí fún un: ẹni tí orúnkún kò jẹ́ kí ó sùn lóru, tí kò rí owó tirẹ̀ ná mọ́, tí àwọn tí wọ́n jọ ń po amọ̀ kò sì yà kí i mọ́, yóò di gbogbo rẹ̀ ru ọjọ́ orí, bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ní àtúnṣe. Ìwé ìbéèrè kan tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní 2007 láti fi wọn èrò àwọn àgbà nípa ogbó pín ọ̀ràn náà sí mẹ́ta: ohun tí ènìyàn pàdánù, bí ara ṣe ń yí padà, àti ohun tí ọkàn jèrè. Àdánù nìkan ni ìyá yín ń rí báyìí.

Ẹ má sì fojú kéré rẹ̀, nítorí èrò náà lè padà ṣe ara. Ní 2002, Becca Levy ti Yunifásítì Yale àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ pé láàárín àwọn ará Ohio, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti pé ẹni 50 ọdún sókè, àwọn tí wọ́n fi ojú rere wo ogbó fi nǹkan bí ọdún 7.5 pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ.

Ẹ mú wọn lọ rí dókítà nítorí orúnkún náà, kí wọ́n sì yẹ ojú àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Bí ìbànújẹ́ bá wà lára wọn lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí oúnjẹ àti oorun sì ń dínkù, ẹ sọ fún dókítà, nítorí àìsàn ni ìrẹ̀wẹ̀sì bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ogbó. Ní ti àsàlátù, ẹ gbé àga lọ síbẹ̀ fún wọn (mo fura pé ẹní ni wọ́n ń sá fún, kì í ṣe àdúrà). Bí ọmọ kan nínú ilé bá sì fẹ́ kọ́ ìkòkò mímọ, kí ìyá máa tọ́ ọ sọ́nà láti orí àga, kí wọ́n sì ní ìpín nínú owó tí ó bá wọlé, kí a kà á lé wọn lọ́wọ́ tààrà.